Ẹ̀rọ CPAP kékeré fún ẹni tí ìrìn-àjò kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀: ìbòmú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Bí èèyàn bá fẹ́ ra ẹ̀rọ CPAP, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ imú kí èémí má bàa máa dá lójú oorun, tó máa máa gbé rìnrìn-àjò, ìwọ̀n ni gbogbo ìpolówó máa ń pariwo sí i létí. Èyí ò tó ìdajì kílò, ìyẹn á wọ àpò ẹ̀wù. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wíwò ti bẹ̀rẹ̀. Ìbòmú tó ti bá ojú yín mu ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè ẹ̀rọ tó lè bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìbòmú ni ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, lẹ́yìn ọ̀rinrin ni ọ̀rọ̀ iná. Ìwọ̀n ló kẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi to o bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó fúyẹ́, tí ìbòmú rẹ̀ ń jò tàbí tó ń gbẹ imú, ẹ máa bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín òru ni. Sleep apnea, àìsàn tó ń mú kí èémí máa dá lójú oorun, kò sì mọ̀ pé ẹ wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Òru àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá sùn láìlo ẹ̀rọ ni èémí á tún ti máa dá, tí ẹ ó tún máa hanrun, tí oorun á sì máa kun yín lọ́sàn-án ọjọ́ kejì nínú ìpàdé tẹ́ ẹ torí rẹ̀ rìnrìn-àjò, tàbí nídìí ọkọ̀ tẹ́ ẹ yá wà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó yé wa kó tó di pé a ń dárúkọ ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ lásán ni CPAP ń fẹ́, kì í ṣe ọ́síjìn. Bó ṣe rí láti ọdún 1981 nìyẹn, nígbà tí Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀ jáde. Mọ́tò kékeré kan á máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, á máa fẹ́ ẹ gba inú rọ́bà wọ imú, ipá afẹ́fẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé nígbà tí ẹran ara ibẹ̀ bá dẹ̀ lójú oorun. cmH2O (sẹ̀ǹtímítà omi) ni wọ́n fi ń wọn ipá náà, láti 4 dé 20 sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wàhálà tó wà nínú yíyan ẹ̀rọ ìrìn-àjò kò ju bí mọ́tò tó kéré gan-an ṣe máa gbé ipá kan náà dé imú yín láìjò, láìgbẹ imú, láìjẹ iná púpọ̀.

Àwọn tí kò bá mu

Bó bá jẹ́ BiPAP (tó ń lo ipá kan fún mímí sínú, òmíràn fún mímí síta) tàbí ASV (tó ń yí ipá padà bí èémí bá ṣe ń lọ) ni dókítà kọ fún yín, ẹ má fi CPAP kékeré rọ́pò rẹ̀ nítorí ìrìn-àjò. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yàtọ̀ síra. Ẹni tí wọ́n ń fi ọ́síjìn kún afẹ́fẹ́ inú rọ́bà rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ilẹ̀ ló máa ń wọ̀, tí kì í sì í rìnrìn-àjò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kò nílò ẹ̀rọ kejì rárá. Bátìrì kan àti rọ́bà kejì fún ẹ̀rọ ilé á ṣe é láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn nǹkan róbótó kan tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tì bọ ihò imú, tí wọ́n ń pè ní CPAP kékeré tí kò ní rọ́bà tí kò sì ní wáyà. Kò sí mọ́tò tó lè gbé ipá 8 tàbí 10 jáde nínú ohun tó tó ìka ọmọ kékeré. Ẹ má fi ẹ̀mí yín dán an wò.

Ìbòmú

Oríṣi ìbòmú mẹ́ta ló wọ́pọ̀: èyí tó kàn ń ti ihò imú nìkan bí ìrọ̀rí kékeré méjì, èyí tó bo gbogbo imú, àti èyí tó bo imú pẹ̀lú ẹnu. Ẹni tó ti rí èyí tí kì í jò lójú rẹ̀ mọ bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó rí i. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni: ṣé ìbòmú tí mò ń lò nílé á wọ̀ ọ́?

Ibí yìí ni ẹ̀rọ mẹ́ta tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù ti pín yà. Transcend Micro àti Z2 ń lo rọ́bà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, èyí tí gbogbo ayé ń lò, nítorí náà ìbòmú yòówù tẹ́ ẹ ní á bá a mu. AirMini ti ilé iṣẹ́ ResMed kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ ní ẹnu tirẹ̀, àwọn ìbòmú ResMed kan pàtó ló sì ń gbà, bíi P10, N20, F20, N30 àti F30, pẹ̀lú ohun ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún AirMini.

Kì í kàn ṣe pé wọ́n fẹ́ kí ẹ ra ọjà wọn nìkan. Lára ìbòmú gbogbo ihò tín-ín-tín-ín máa ń wà tí èémí tẹ́ ẹ bá mí síta ń gbà jáde, kẹ́ ẹ má bàa tún máa fa á sínú padà. AirMini gbé ihò yẹn kúrò lára ìbòmú lọ sẹ́yìn, kí èémí tó lọ́rinrin lè kọ́kọ́ kọjá lára ohun kékeré kan tó ń gba omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ohun ìsopọ̀ tí ẹlòmíì ṣe gbé ìbòmú mìíràn kọ́ ọ lára, ihò á di ọ̀nà méjì: ti ìbòmú àti ti ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ á máa jáde ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe nípa jíjò á dàrú, ọ̀rinrin tẹ́ ẹ torí rẹ̀ rà á kò sì ní sí mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é. Ẹni tó bá máa ṣe é kó mọ ohun tó ń sọ nù.

Ìmọ̀ràn mi kò lọ́jú pọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìbòmú tí AirMini ń gbà lẹ ti ń fi sùn dáadáa nílé, AirMini ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹ má pààrọ̀ ìbòmú tó ti bá yín mu nítorí ẹ̀rọ. Ẹ wá ẹ̀rọ tó máa gba ìbòmú náà.

Rọ́bà tún ní tirẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ti mìlímítà 15 fúyẹ́, ó ṣeé ká, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń rí i le kó tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń yan irú rọ́bà, tẹ́ ẹ kò sì yí i, ipá tó ń dé imú yín á kéré sí èyí tí ojú ẹ̀rọ ń kọ. Bí èèyàn ṣe ń rọra padà sí híhanrun láìmọ ohun tó fà á nìyẹn.

Ọ̀rinrin

Ẹ̀rọ ilé ní abọ́ omi tó ń gbóná. Abọ́ ti AirSense 10, ẹ̀rọ ilé ti ResMed, ń gba mìlílítà 380, ó sì lè lọ tán láàárín òru kan. Ẹ̀rọ ìrìn-àjò kò ní àyè fún èyí, nítorí náà wọ́n fi nǹkan kékeré kan tó dà bí fítà rọ́pò rẹ̀. AirMini pe tirẹ̀ ní HumidX. Bẹ́ ẹ bá mí síta, á gba ooru àti omi inú èémí yín mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá mí sínú, á dá a padà sínú afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Kò jẹ iná, kò gba omi.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó gbọ́dọ̀ rí èémí tẹ́ ẹ mí síta kó tó lè dá nǹkan kan padà. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń là lójú oorun ń tú èémí náà síta láti ẹnu, kì í kọjá lára HumidX. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e rèé: imú á gbẹ, ẹran inú imú á wú, imú á dí, ẹnu á tún là sí i. Afẹ́fẹ́ á máa jò láti ẹnu, ẹ̀rọ á máa fẹ́ púpọ̀ sí i kí ipá má bàa wálẹ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ yẹn á sì tún gbẹ imú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jí tí ẹnu gbẹ táútáú, tí ahọ́n lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, tàbí tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fọn imú, ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi kẹ́ ẹ tó wo ẹnu. Okùn tó ń gbé àgbọ̀n sókè lè tó fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì nílò ìbòmú tó bo ẹnu pẹ̀lú imú.

Inú bàálù ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ gan-an; ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sábà tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kò jìnnà sí i. ResMed ní HumidX Plus fún ibi gbígbẹ àti ibi gíga, ó sì yẹ kí ọ̀kan wà nínú báàgì ẹni tó máa ń wọ bàálù. Tẹ́ ẹ bá ti tú u kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 30 lọ, bí ẹ tilẹ̀ lò ó ní òru mẹ́ta péré. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ tú u sára ọ̀rá náà. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fín sí imú kẹ́ ẹ tó sùn náà ń ran èèyàn lọ́wọ́ púpọ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ìbòmú gbogbo náà ní irú ohun kékeré yìí, tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà àti ìbòmú. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ihò bá ṣì wà lára ìbòmú, apá kan nínú ọ̀rinrin ti gba ibẹ̀ lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má retí pé á tó ti abọ́ omi ilé.

Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò lè sùn láìsí omi gbígbóná, ẹ gba èyí bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ ilé. Omi distilled (èyí tí kò ní iyọ̀ nínú) ni kẹ́ ẹ máa rọ sí i. Níbi tí kò bá sí, ẹ se omi kó hó fún ìṣẹ́jú kan, tàbí ìṣẹ́jú mẹ́ta bí ibẹ̀ bá ga ju mítà 2,000 lọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó rọ ọ́. Síse ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú iyọ̀ inú omi kúrò. Nǹkan funfun tó máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ abọ́ nìyẹn. Ọtí kíkan tẹ́ ẹ fi omi là á máa bọ́ ọ. Ní àárọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kúrò, ẹ da omi abọ́ nù, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì yọ abọ́ lára ẹ̀rọ. Omi díẹ̀ tó bá kù nínú abọ́, tí báàgì wá dojú dé, inú mọ́tò ló ń lọ.

Iná àti bátìrì

Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà yín. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, 50/60Hz síbẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè tí iná rẹ̀ máa bà á jẹ́. Ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kò sídìí láti ra ẹ̀rọ ńlá tó ń yí 220 padà sí 110, ó kàn ń wúwo lásán ni. Ẹ kó wáyà àfikún tó tó mítà mẹ́ta dání, torí òtẹ́ẹ̀lì tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní ìdojúkọ bẹ́ẹ̀dì pọ̀ ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí lọ. Níbi tó bá jẹ́ pé káàdì ilẹ̀kùn ló ń tan iná yàrá, ẹ rántí pé bátìrì tẹ́ ẹ fi sí iná lọ́sàn-án kò ní gba nǹkan kan tẹ́ ẹ bá mú káàdì yẹn jáde.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣi owó ná jù, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi iye watt tí ẹ̀rọ ń jẹ ṣe ìlọ́po iye wákàtí tẹ́ ẹ máa sùn. Ẹ̀rọ tí kò gbóná omi, tí kò sì ní rọ́bà gbígbóná, lórí ipá bíi 10, sábà máa ń jẹ watt 6 sí 10. Ẹ jẹ́ ká mú 8. Lọ́nà wákàtí mẹ́jọ, ó di watt-hour 64 (64 Wh). Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ó sún mọ́ 75 Wh. Bátìrì 24 volt, 4 Ah jẹ́ 96 Wh, á gbé òru kan náà já pẹ̀lú àṣẹ́kù díẹ̀.

Ẹ wá tan abọ́ omi gbígbóná. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń jẹ watt 40, wákàtí mẹ́jọ á fẹ́ 320 Wh. Bátìrì kan náà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní pé wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ pé bátìrì òun kò dára, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó pa omi gbígbóná. Ipá tó ga àti ìbòmú tó ń jò náà ń jẹ bátìrì, torí mọ́tò á máa sáré sí i.

Power bank fóònù ń tan èèyàn jẹ. Èyí tí wọ́n kọ 26,800 mAh sí lára, iye yẹn jẹ́ ti 3.7 volt, ìlọ́po méjèèjì kò ju nǹkan bí 99 Wh lọ. Ìyẹn gan-an kò burú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lè gbé volt tí ẹ̀rọ yín ń béèrè jáde. AirMini àti AirSense ń fẹ́ 24 volt, USB lásán kò lè fún wọn. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ náà, 12 volt ni iná tó wà níbẹ̀, ẹ nílò wáyà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe láti gbé 12 lọ sí 24. Wáyà yẹn dára ju inverter lọ, torí inverter á sọ iná bátìrì di ti ògiri, ṣájà á tún sọ ọ́ padà di ti bátìrì, ibi méjèèjì ló sì ti ń ṣòfò. Bí inverter bá di dandan, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń tẹ̀ lé lórí bátìrì lithium ni pé èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 100 dé 160 Wh, ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Èyí tó bá ju 160 lọ kò wọ bàálù èrò. Bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù láé, ọwọ́ yín ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ fi téèpù bo ẹnu irin rẹ̀. Bí iye Wh kò bá hàn lára bátìrì, òṣìṣẹ́ lè gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n kò kọ ọ́ sí.

Pápákọ̀ òfurufú àti inú bàálù

Ẹ má fi ẹ̀rọ sínú ẹrù ìsàlẹ̀ bàálù. Ẹrù lè sọ nù, ẹ kò sì ní sùn títí wọ́n á fi rí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin 14 CFR Part 382 sọ pé irú ohun èlò ìtọ́jú báyìí kò gbọdọ̀ wà nínú iye báàgì tí wọ́n gbà fún èrò. Níbòmíràn, ẹ ka ìlànà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Níbi àyẹ̀wò, ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ yọ jáde. Ìbòmú àti rọ́bà lè wà nínú báàgì. Ẹ ti fi ẹ̀rọ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara láti ilé, kó má bàa kan ìdí abọ́ tí bàtà gbogbo ayé ti kọjá nínú rẹ̀. Ẹ lè bẹ òṣìṣẹ́ kó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ẹ̀rọ ọ́síjìn, ẹ rọra ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ lásán ló ń fẹ́, torí ìlànà ọ́síjìn le ju tirẹ̀ lọ. Lẹ́tà dókítà tó kọ orúkọ yín, orúkọ ẹ̀rọ àti ipá rẹ̀ ń dá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dúró. Ẹ tẹ ọ̀kan sórí pépà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù.

Ẹni tó fẹ́ lò ó nínú bàálù gan-an ní iṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹ wo ara ẹ̀rọ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tẹ̀ lé RTCA DO-160, ìlànà ìdánwò fún ohun èlò tí wọ́n ń lò nínú bàálù. Ẹ pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ìjókòó. Agbára rẹ̀ kéré, ó lè pa láàárín ọ̀nà, omi gbígbóná sì sábà máa ń jù ú lọ. Bátìrì tó kún ni kẹ́ ẹ gbé wọlé. Ní ti ìwọ̀n gíga, afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń dà bí ti ibi tó ga tó mítà 2,400. Ìwé AirMini àti AirSense fàyè gba 2,591, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣàtúnṣe ipá.

Orí òkè jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó máa sùn sórí òkè tó ga gan-an lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní irú ìdádúró èémí tó jẹ́ pé ọpọlọ ni kò rán èémí, kì í ṣe pé ọ̀fun pa dé. CPAP kì í sábà ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Dókítà ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ.

Wàyí o, ìwọ̀n

Transcend Micro jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 218. AirMini jẹ́ 300, Z2 náà sún mọ́ ọn. AirSense 11 tí ọ̀pọ̀ ń lò nílé jẹ́ nǹkan bíi kílò kan àti gíráàmù 130, AirSense 10 sì ju kílò kan àti gíráàmù 200 lọ. Ohun tẹ́ ẹ ń jèrè lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ. Ṣájà, rọ́bà, ìbòmú àti bátìrì ń tẹ̀ lé èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà pé ìwọ̀n ni ìṣòro yín. Fún ẹni tó ń rìn pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, àyè tí ẹ̀rọ ń gbà ló ń dùn ún ju ìwúwo lọ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ kékeré ti ń borí: AirMini kò ju sẹ̀ǹtímítà 13.6 lọ ní gígùn, ó sì jẹ́ 8.4 ní fífẹ̀ àti 5.2 ní gíga.

Ariwo ńkọ́? Mọ́tò kékeré ń sáré ju mọ́tò ńlá lọ kó tó gbé ipá kan náà, ohùn rẹ̀ sì máa ń tín-ín-rín, pàápàá tí ipá bá kọjá 12. Ẹni tó ń sùn tì yín ló máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ gbé e sílẹ̀, ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, jìnnà dé ibi tí rọ́bà bá dé. Ẹ má tì í sínú dúrọ́ọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí aṣọ ìbora bo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rọ àlòkù

Ẹ ṣọ́ra. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP rẹ̀ padà, DreamStation Go tí wọ́n ṣe fún ìrìn-àjò sì wà nínú wọn. Fóòmù tí wọ́n fi dín ariwo kù nínú wọn lè máa rún, kí èérún rẹ̀ sì máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Títí di òní, irú wọn ṣì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ra àlòkù. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì lo àwọn ẹ̀rọ ìfọ̀mọ́ tó ń lo gáàsì ozone. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ tó fún rọ́bà, aṣọ tútù tó fún ìbòmú láràárọ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kẹ́ ẹ ti sá rọ́bà, kì í ṣe inú balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí ooru omi kún.

Kó tó di ọjọ́ ìrìn-àjò

Ẹ̀rọ tuntun kò mọ ohun tí ẹ̀rọ ilé mọ̀. Bí ẹ kò bá yí i, ọ̀pọ̀ APAP, ìyẹn CPAP tó ń yí ipá padà fúnra rẹ̀, ń jáde láti ilé iṣẹ́ lórí 4 sí 20. Ipá 4 kéré jù fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó ń ṣe èèyàn bíi pé afẹ́fẹ́ kò tó, á sì já ìbòmú sọnù. Ẹ mú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ilé lọ bá dókítà, kó fi ìyẹn yan ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ipá fún ti ìrìn-àjò. Ẹ rí i pé àsìkò tí ipá fi ń rọra gòkè, àti bí ipá ṣe ń dín kù nígbà tẹ́ ẹ bá mí síta, bá ti ilé mu.

AirMini kò ní káàdì ìrántí. Áàpù orí fóònù lẹ ó fi máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bluetooth ló sì ń lò, nítorí náà ẹ so ó mọ́ fóònù nílé, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré náà sùn nílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí ẹ̀rọ ńlá ṣì wà nítòsí. Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ máa wò láràárọ̀: jíjò àti AHI, ìyẹn iye ìgbà tí èémí ń dá tàbí tó ń dín kù láàárín wákàtí kan. Ẹ má retí kí AHI ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba gẹ́lẹ́, torí bí wọ́n ṣe ń kà á yàtọ̀. Tó bá wà lábẹ́ 5, tí jíjò kò sì pọ̀, ẹ palẹ̀ báàgì mọ́. Bí AHI bá ń fò kọjá 5 lọ́pọ̀ òru, ẹ kọ́kọ́ tún okùn ìbòmú fà ní ìdùbúlẹ̀, kì í ṣe ní ìjókòó, torí ojú máa ń yí padà téèyàn bá dùbúlẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ńlá ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí ìrìn-àjò tó kàn, kẹ́ ẹ sì gbé kékeré náà padà fún dókítà kó tún ipá rẹ̀ ṣe.